Ta Ló Ní Kí O Tú Ẹ̀gbẹ́ Aṣọ Mi?

Mi ò jókòó. Gbé àga yẹn padà síbi tó wà, Misturat, mi ò wá jókòó, mi ò sì wá kí ọ, bí o bá tún gbé málítì síwájú mi lónìí, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ yìí ni màá dà á sí. Dá ẹ̀rọ yẹn dúró. Mo ní kí o dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró kí o gbójú sókè. Ṣé o rí kàbà méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí? Má sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ẹ ṣe sùúrù, mo ti ń ṣe sùúrù bọ̀ láti àárọ̀, mo fi sùúrù jókòó ní àsàlátù, mo fi sùúrù rìn débí nínú oòrùn, sùúrù náà ti tán báyìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ta ló ní kí o tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi?

O ń wò mí. Ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́lẹ̀, ìwọ lò ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀, kí o má baà rò pé ẹnì kan ló wá sọ ọ́ sí mi létí. Kàbà aláwọ̀ ewé yìí àti èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọjọ́ kan náà lo gé wọn, ìwọ̀n kan náà lo fi gé wọn, ìgbà tí mo ti Ìbàdàn dé tí mo ti fọn tán, tí gbogbo aṣọ àtijọ́ ń já bọ́ lára mi. Irọ́ ni mo pa? Èyí aláwọ̀ ewé, mò ń wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo. Èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run, mo gbàgbé ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ bàbá Samsudeen tí mi ò tíì lè kó fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti kú. Kò padà dé ọwọ́ rẹ láti ọjọ́ tí o ti rán an. Láàárọ̀ yìí, mò ń múra àsàlátù, mo ní jẹ́ kí n wọ̀ ọ́, kí n ṣe fáàrí díẹ̀. Misturat, kò kọjá èjìká mi. Mo fà á, kò lọ. Mo tú síìpù rẹ̀ délẹ̀, kò lọ. Apá mi há sókè, orí mi wà nínú aṣọ, mo dúró láàárín yàrá, kò sì sí ẹni tí mo lè pè kó wá bá mi bọ́ ọ. Ta ni mo fẹ́ pè? Nínú ilé yẹn, èmi àti aago ara ògiri ni.

Ìgbà tí mo jàjà bọ́ ọ tán ni mo wá ń ro ó. Mo ní kàbà méjì, ìwọ̀n kan, báwo lọ̀kan ṣe gbà mí tí èkejì kò gbà mí? Mo ní bóyá ó sún kì nínú àpótí ni. Mo ní bóyá eku jẹ okùn síìpù. Mò ń wá irọ́ tí màá pa fún ara mi, mi ò rí èyí tó wọ̀. Mo bá yí aláwọ̀ ewé sódì. Ṣé o gbàgbé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni? Èmi tí àwọn ahunṣọ òfì ìlú yìí ń ra òwú lọ́wọ́ mi, tí mo lè fọwọ́ pa òwú kí n sọ ibi tí wọ́n ti kó o wá láìlajú, èmi lo fi òwú mìíràn rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ fún, o sì rò pé mi ò ní mọ̀? Ewé tútù ni òwú àkọ́kọ́, ewé tó ṣú díẹ̀ lèyí. Ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ó tò lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rírán tuntun. Kì í ṣe ìlà kan náà o. O tú u kó lè fẹ̀ sí i, o rán an, ó tún yá, o tún tú u. Mo bá kó gbogbo aṣọ tó wà nílé jáde, mo ń yí wọn sódì lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí mo gbé wá kí o bá mi pààrọ̀ síìpù rẹ̀, o ti tú u. Èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ já, o ti tú u. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ wá kó nílé pé ẹ̀gbọ́n mi, iná wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ̀ wọ́n, o ti tú gbogbo wọn. Èmi wá ń dúpẹ́. Mò ń sọ fún àwọn èèyàn pé àbúrò mi yìí, ó mọ̀ mí tọ́jú.

O ní kí ni? Sọ ọ́ sókè. O ò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́.

Súbúhánàlláà. O ò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́. Jókòó, ìwọ jókòó, èmi ni mo ní mi ò jókòó.

Ìwọ àti Samsudeen ọmọ mi nìkan lẹ mọ ohun tí mo lọ ṣe ní Ìbàdàn lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Gbogbo Ìṣẹ́yìn rò pé ojú ni mo lọ tọ́jú. Ìwọ lo tẹ̀lé mi, ìwọ lo jókòó níwájú dókítà pẹ̀lú mi nígbà tó ya àpò oúnjẹ inú ikùn sórí pépà, tó ní àwọn máa gé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kúrò, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa tó mi, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi lè wálẹ̀, kí orúnkún mi náà lè sinmi. O sì gbọ́ ohun tó sọ kẹ́yìn. Ó ní Màmá, iṣẹ́ abẹ yìí ò parí ọ̀rọ̀ o, ara kì í gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, tó bá di ọdún mélòó kan ó lè fẹ́ padà síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú, ẹ ṣáà tètè jẹ́ kí n gbọ́, oògùn wà, ọ̀nà wà, ẹ má kàn jẹ́ kó pẹ́. Mo ní Dókítà, mi ò ní ìwọ̀n nílé, báwo ni màá ṣe mọ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ yín á sọ fún yín. Ó ní ọjọ́ tí aṣọ tó ń gbà yín kò bá gbà yín mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pè mí. Àbí kò sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí a jọ jókòó, ṣé kò sọ bẹ́ẹ̀?

Aṣọ mi ló yẹ kó sọ fún mi, Misturat. O wá lọ di aṣọ mi lẹ́nu.

Láti ìgbà wo? Má parọ́ fún mi. Láti ọdún tó kọjá? Ṣáájú ẹ̀? O ní láti ìgbà fídàù ìyá Ládòkun, ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá. Họ́wù. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí orúnkún mi ń ké, tí mò ń dìde lórí ẹní ìkírun tí mò ń di ògiri mú, tí mo wá ń wo ara mi nínú aṣọ tí mo ń sọ pé kò sí nǹkan, aṣọ mi ṣì gbà mí, àárẹ̀ lásán ni, ìwọ ti mọ̀. Orúnkún mi ń sọ òótọ́, mo ní irọ́ ló ń pa, torí aṣọ tí ìwọ rán ni mo gbà gbọ́.

Ṣé o rántí orúnkún yìí ṣá? O rántí bí mo ṣe ń kírun kí n tó lọ Ìbàdàn? Àga oníke funfun, lẹ́yìn pátápátá nínú mọ́ṣáláṣí, èmi àti àwọn arúgbó tó tó bí ìyá wa. Gbogbo èèyàn á forí kanlẹ̀, èmi á tẹ orí ba díẹ̀ lórí àga bí ẹni tó ń tòògbé. Ọdún mélòó ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí iwájú orí mi tún kan ilẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí ni, ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbórí sókè, èmi ò gbórí sókè, o rò pé ó ti rẹ̀ mí ni, o ń fọwọ́ tọ́ mi. Kò rẹ̀ mí. Ẹkún ni mò ń sun. Mo ń sọ fún Ọlọ́run lórí ilẹ̀ níbẹ̀ pé má dá mi padà sórí àga yẹn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ta ló gbé àga wá fún mi? Ìwọ ni. N ò béèrè. N ò tilẹ̀ wo apá ibi tí àga wà. O kàn rọra gbé e sẹ́yìn mi, o fọwọ́ kàn mí léjìká, o sì lọ síwájú lọ dúró láàárín àwọn èèyàn. Mo rò pé àánú ni. Mo jókòó lé e. Mi ò mọ̀ pé o ti ń wọ̀n mí láti ọjọ́ yìí wá, pé o ti mọ ibi tí mo dé kí èmi tó mọ̀.

Rárá, kì í ṣe pé mo sọ pé o burú. Bí o bá burú ni, ọ̀rọ̀ yìí á rọrùn. Mi ò bá ti bú ọ tán, mi ò bá ti máa lọ.

O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àsàlátù láàárọ̀ yìí? O ò wá, o ní aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀. Mo dé, ojú mi ṣì pọ́n, Ìyá Àpọ́nlé tó jẹ́ olórí wa di apá mi mú níbi tó ti sanra, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ wo Ìyá Samsudeen, ẹ wo bí ara wọn ṣe dán, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe dá wọn padà fún wa. Ó ní ṣé ẹ rántí ìgbà tí wọ́n gbẹ tí a ń bẹ̀rù? Wọ́n ní àwọn rántí. Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Wọ́n ṣàdúrà ìdúpẹ́ lé mi lórí, Misturat. Fún sísanra. Àwọn obìnrin ń ṣe àmín, àwọn kan ń nu ojú, torí òótọ́ ni, inú wọn dùn, wọ́n ti gbààwẹ̀ nítorí mi lọ́dún náà, wọ́n rò pé àìsàn ló fẹ́ pa mí. Mo mọ̀ pé àdúrà wọn ló gbà. Tèmi tí mo gbà nílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ́. Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ohun tí ẹ ń dúpẹ́ fún yìí ló ń pa mí lẹ́kún? Mo ní àmín. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo lọ jókòó lórí àga.

Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n sọ fún wọn? Kí wọ́n ní mo lọ gé ohun tí Ọlọ́run dá, ìyẹn ló ṣe ń padà? Samsudeen nìkan ni mo lè sọ fún, Samsudeen náà wá ń ṣe bí ọ̀gá fún mi. Ó pè lórí fídíò lóṣù tó kọjá, ó ní Mọ́mì, ojú yín ti kún, ṣé ẹ ń tẹ̀lé nǹkan tí dókítà sọ? Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ o. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tó bá ti pè, mo máa ń gbé fóònù sókè kó lè jẹ́ iwájú orí mi nìkan ló ń rí. Ó ní Mọ́mì, mi ò rí yín dáadáa. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Wo bí mo ṣe wá dà. Mo ń sá fún ọmọ mi nínú fóònù, mo ń sá fún àwọn àsàlátù, mo ń sá fún dígí. Mo rò pé ó ku ibì kan tí mi ò ní láti sá. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo rò pé ó jẹ́.

Tún wò ó, ìrìn tí dókítà ní kí n máa rìn. Ṣé o mọ bí mo ṣe ń rìn ín? O ò mọ̀, o ò bi mí rí. Ní ìlú yìí, ṣé èèyàn lè rìn lásán? Tí mo bá ti jáde lẹ́yìn ìrun àsùbá, tí mo kọrí sí ọ̀nà Adó-Àwáyè, Mọ́ládé ọlọ́kadà á dúró, Ìyá Samsudeen, ẹ gòkè, ẹ má sanwó. Mo ní mò ń rìn ni. Ó ní ẹ ń rìn lọ síbo? Mo ní mo kàn ń rìn. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ọ̀kadà jẹ́jẹ́ títí mo fi gòkè torí ojú ń tì mí. Lọ́jọ́ kejì, Ìyápọ̀ oníkọ́ńkéré náà dúró pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, ó ní ṣé kò sí o, ṣé ẹ bá ẹnì kan jà nílé ni. Mo ní ta ni mo fẹ́ bá jà nínú ilé tí èmi nìkan ń gbé? Bó ṣe di pé mo wá abọ́ onírin ńlá kan nìyẹn, mo fi àjákù aṣọ bò ó, mo gbé e rù. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Òfìfo ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé e rù báyìí, kò sẹ́ni tó dá mi dúró mọ́. Wọ́n ń kí mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ọjà á tà o, mo ń dáhùn, àmín o, ẹ ṣé o. Èmi tí mi ò lọ sọ́jà kankan. Mo ń gbé abọ́ òfìfo lọ síbi tí mo ti lè rí òkè Adó lókèèrè, mo yí padà, mo ń gbé e bọ̀. Nígbà míì, mo máa ń sọ̀rọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Sí abọ́.

Má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, rẹ́rìn-ín, èmi náà ti fi rẹ́rìn-ín rí.

Ọ̀rọ̀ málítì ló kù. Iyán, òkèlè díẹ̀, ó ti kún mi dọ́fun, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹran, mo ní láti jẹ ẹ́ kúnná kó tó gbà. Ṣùgbọ́n málítì ń ṣàn lọ ni. Ògì oní mílíìkì ń ṣàn lọ. Wàrà tí o ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní wá dín fún mi, ó ń yọ́ lọ. Dókítà ti kìlọ̀ rẹ̀, ó ní àwọn ohun tó ń yọ̀ wọlé láìsí wàhálà yẹn gan-an ló ń dá ara padà. Ta ló ń gbé e wá fún mi? Ìwọ náà ni. Nírọ̀lẹ́, tí o bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, wàá gbé e dé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jẹun dáadáa, ẹ fi èyí panu. Ṣé o mọ ìdí tí mi ò fi lè sọ pé rárá? Torí bí mo bá ń mu ún, o máa ń jókòó tì mí ni. Bí mo bá mu ún tán, wàá kó ife, wàá ní ó dàárọ̀. Nítorí náà mo máa ń fà á mu díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì tán lọ́jọ́ kan, mo máa ń ní ṣé òmíràn ò sí níbẹ̀.

O ò mọ̀. Báwo lo ṣe máa mọ̀? Èmi ò sọ, ìwọ ò sọ. Ìwọ ń tú aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi ń gbé abọ́ òfìfo lójú ọ̀nà, a tún wá ń jókòó tira wa nírọ̀lẹ́ à ń sọ̀rọ̀ òjò. Mo fi Ọlọ́run búra, kì í ṣe ara tó ń padà yìí ló dùn mí jù. Dókítà ti ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo gbà á gbọ́ nígbà míì. Ohun tó dùn mí ni pé a jọ rí i, o sì jẹ́ kí n dá a rí.

Lọ́la ni mo fẹ́ pe dókítà. Ohun àkọ́kọ́ tó máa bi mí ni ibi tí mo dé. Mi ò lè dá wọn ara mi, mo ti gbìyànjú láàárọ̀ yìí, mo fi téèpù yí ìbàdí ká, mo ń wo òkè. Mi ò lè wò ó.

Nítorí náà, dìde. Téèpù tó wà lọ́rùn rẹ yẹn, mú un wá. Àtìgbà wo lo ti fi kàn mí gbẹ̀yìn? Bí mo bá gbé aṣọ wá, wàá ní mo ti mọ ìwọ̀n yín, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò nílò ìwọ̀n. Lónìí, mo nílò ẹ̀. Wọ̀n mí. Má fà á le láti fi tẹ́ mi lọ́rùn, jẹ́ kó jókòó bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀. Kà á. Má kà á sínú, mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Kà á sókè kí etí mi gbọ́ ọ.

O ní ínṣì mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Tún un sọ.

Ẹ̀ẹ́n. Ẹnì kan ti sọ ọ́ sókè. Kì í ṣe èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n mọ́.

Má sunkún sí mi lára, híjáàbù tí mo wọ̀ lọ sí àsàlátù nìyí. Nu ojú rẹ. Kàbà aláwọ̀ ewé yìí, rán an padà sójú abẹ́rẹ́ àtijọ́, gbogbo wọn pátá, kí o sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa fún mi. Kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n rí. Gbé málítì yẹn kúrò lójú mi, tó bá dìrọ̀lẹ́, wá bá mi pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí o jókòó, ṣé o gbọ́? Wá jókòó láìgbé nǹkan kan wá.

Lọ́la, bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, mo fẹ́ rí ọ lẹ́nu ọ̀nà mi. Gbé abọ́ tìrẹ náà dání. O ní kí ni kí o bù sí i? Má bu nǹkan kan sí i.